Odi Monroe, àti Àwọn Mẹ́ta tí Wọ́n Tukọ̀ Wọ Inú Rẹ̀ ní Òru



Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ní ohun tí odi jẹ́. Àwọn baba wa mọ odi, wọ́n sì wa yàrà yí i ká. Ìbàdàn ní odi, Abẹ́òkúta ní odi. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, yàrà Erédò ṣì wà nínú igbó títí di òní, ẹni tí ó bá sì dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé àwọn tí ó wà á kò fi iṣẹ́ ṣeré. Ohun tí odi wà fún ni láti dá ọ̀tá dúró sí òde. Ṣùgbọ́n odi kan wà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín, tí a kò kọ́ ọ nítorí ẹrú, tí ó sì jẹ́ pé ẹrú ni ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé fi ń rántí rẹ̀. Odi Monroe ni a ń pè é. Ìpínlẹ̀ Virginia ni ó wà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ẹnu ibi tí omi òkun ti ń wọ ilẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: ta ni ó ṣí ìlẹ̀kùn odi náà?

Ọ̀nà ilẹ̀ ni mo gbà dé ibẹ̀. Bàbá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó ti pẹ́ ní ìlú Norfolk, ni ó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ gbé mi lọ. Omi gbòòrò kan tí a ń pè ní Hampton Roads ni ó dá Norfolk àti odi náà sí méjì. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti la ọ̀nà ọkọ̀ kọjá omi yìí: apá kan rẹ̀ jẹ́ afárá, apá kejì sì jẹ́ ihò tí ó gba abẹ́ omi lọ, kí àwọn ọkọ̀ ogun ńláńlá lè máa kọjá lórí láìsí ìdíwọ́. Gígùn rẹ̀ ju máìlì mẹ́ta lọ. Kí a tó wọ inú ihò náà, bàbá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn wa, ó ní, “Àbúrò, Sewell’s Point nìyẹn, níbi tí ibùdó ọkọ̀ ogun wà nísinsìnyí. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́ta náà ti gbéra. Wọn kò ní afárá, wọn kò sì ní fìtílà. Ọkọ̀ kékeré kan ni wọ́n ní, àti òkùnkùn.” Mo wo omi náà títí ihò fi gbé wa mì.

Nígbà tí a jáde ní òdìkejì, a yà sí ọ̀tún, a la ìletò Phoebus já, a kọjá afárá kékeré kan, a sì dé iwájú yàrà. Omi kún inú yàrà náà, ògiri òkúta sì ga sókè lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó wà nínú ògiri náà tó éékà 63. Nínú gbogbo odi òkúta tí a kọ́ ní Amẹ́ríkà, òun ni ó tóbi jù lọ. Ọdún 1819 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, nítorí pé nínú ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1812, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba omi yẹn wọlé, títí àwọn ọmọ ogun wọn fi dáná sun ilé Ààrẹ ní Washington ní ọdún 1814. Ọdún 1834 ni wọ́n parí rẹ̀. Orúkọ James Monroe, Ààrẹ karùn-ún ní ilẹ̀ náà, ni wọ́n fi sọ ọ́.

Lára àwọn tí ó ru òkúta odi náà ni àwọn ẹrú tí àwọn olówó wọn fi yá ìjọba. Ẹrú ni ó ṣe làálàá, olówó rẹ̀ ni ó gba owó iṣẹ́. Ọ̀dọ́ ológun kan tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì wà níbẹ̀ láti ọdún 1831 dé 1834, tí ó bá wọn parí iṣẹ́ náà, Robert E. Lee ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ náà pamọ́ sí ọkàn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí odi náà dúró lé ti ní ìtàn kí a tó gbé òkúta kan lé èkejì níbẹ̀. Point Comfort ni àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ sọ ọ́, èyí tí ó túmọ̀ sí ibi ìtura. Ní òpin oṣù kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń jẹ́ White Lion gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó kó ènìyàn dúdú ogún àti díẹ̀ lọ́wọ́, tí ó fi ipá gbà ní ojú òkun lọ́wọ́ ọkọ̀ Potogí kan tí ó kó wọn láti Luanda, ní ilẹ̀ Angola. Oúnjẹ ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ wọn. Àwọn wọ̀nyí ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí àkọsílẹ̀ sọ pé wọ́n gbé wá tà ní Virginia. Ibi tí a pè ní ibi ìtura, ibẹ̀ gan-an ni ìnira ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn àti fún ọmọ ọmọ wọn. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú náà ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀.

Ọdún 242 lẹ́yìn náà ni ohun tí mo wá sọ ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1861, Abraham Lincoln gun orí oyè gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí ẹrú kún inú oko wọn ti ń ya kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ìjọba rẹ̀ yóò gbógun ti òwò náà. Ní oṣù kẹrin, ogun bẹ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún, àwọn ará Virginia dìbò pé àwọn náà ti yà. Ṣùgbọ́n Odi Monroe, tí ó wà ní etí ilẹ̀ Virginia, wà ní ọwọ́ ìjọba Lincoln síbẹ̀, bí erékùṣù kan láàrin àwọn ọ̀tá.

Ẹ má ṣe rò pé ìjọba Lincoln ti pinnu nígbà náà láti dá ẹrú sílẹ̀. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun kò ní fi ọwọ́ kan ẹrú ẹnikẹ́ni níbi tí òfin ti gbà á. Òfin ọdún 1850 sì wà nílẹ̀, tí ó pàṣẹ pé kí a dá ẹrú tí ó bá sá padà fún olówó rẹ̀. Nínú oṣù kẹta ọdún 1861 yẹn kan náà, àwọn ẹrú kan sá lọ sí Odi Pickens ní ìpínlẹ̀ Florida, wọ́n rò pé àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ yóò gbà wọ́n. Wọ́n fà wọ́n padà lé ọ̀tá lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sá wọ odi ní ìgbà náà kò ní ìlérí kankan lọ́wọ́. Ó lè bá ìlẹ̀kùn pàdé ní títì, kí a sì dá a padà sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi ẹgba kọ́ ọ ní ọgbọ́n.

Ní òru ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún náà, ọkùnrin mẹ́ta tukọ̀ láti Sewell’s Point kọjá Hampton Roads. Orúkọ wọn ni Frank Baker, Shepard Mallory, àti James Townsend. Charles Mallory ni olówó wọn, ọ̀gá ológun kan ní apá Gúúsù. Ó ti fi wọ́n ṣiṣẹ́ ní Sewell’s Point, níbi tí wọ́n ti ń mọ ibi tí a ó gbé àwọn ìbọn àgbá kalẹ̀ sí. Wọ́n wá gbọ́ pé ó fẹ́ kó wọn lọ sí ilẹ̀ Carolina, níbi tí wọn kò ti ní rí ẹbí wọn mọ́. Àwọn mẹ́ta náà gbìmọ̀, wọ́n sì yan omi. Ìbọn àgbá tí wọ́n ń gbé ibùjókòó fún, Odi Monroe gan-an ni yóò dojú kọ. Ibẹ̀ ni wọ́n sì sá lọ.

Ọ̀gágun tí ó wà ní odi náà, Benjamin Butler, kò tíì lo ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀. Ará Massachusetts ni, amòfin ni kí ó tó di ológun. Kì í ṣe ẹni tí a mọ̀ sí ọ̀rẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀: ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní ọdún 1860, Jefferson Davis ni ó ń dìbò fún léraléra, Davis kan náà tí ó wá di olórí àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yà. Butler bi àwọn mẹ́ta náà ní ìbéèrè. Wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Sewell’s Point fún un, àti ibi tí wọ́n fẹ́ kó wọn lọ.

Kò pẹ́ tí John Cary, ológun Virginia kan, fi dé pẹ̀lú àsíá funfun, ó ní Mallory rán òun láti gba àwọn ẹrú rẹ̀. Ó bi Butler bí kò bá ní ka òfin ọdún 1850 sí. Butler dáhùn pé òfin náà kò kan ilẹ̀ àjèjì, Virginia sì ti wí pé ilẹ̀ àjèjì ni òun. Cary ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin wí pé a kò lè yà, nítorí náà ẹ ní láti pa òfin yín mọ́.” Butler ní ẹ̀yin ni ẹ wí pé ẹ ti yà, ẹ kò lè kọ ìjọba sílẹ̀ kí ẹ tún máa fi òfin rẹ̀ gba ẹrú. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ẹ fi ń mọ ibùjókòó ìbọn sí wa. Ohun tí ọ̀tá bá fi ń jagun, òfin ogun gbà kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi kún un pé bí Mallory bá wá búra pé òun yóò jẹ́ olóòótọ́ sí ìjọba Amẹ́ríkà, yóò rí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà. Mallory kò wá búra. Idà ahun ni a fi ń pa ahun: olówó ẹrú wí pé ẹrú jẹ́ ohun ìní, Butler sì ní ó dára, ohun ìní ọ̀tá ni mo gbà.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni contraband. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ẹrú tí ó bá sá dé nìyẹn. Ìròyìn náà sáré ju ẹṣin lọ. Kò sí ìwé ìkéde kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi, síbẹ̀ àwọn ẹrú gbọ́. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ń bọ̀ ní mẹ́jọ mẹ́jọ, lẹ́yìn náà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀: baba tí ó gbé ọmọ lé èjìká, ìyá arúgbó tí wọ́n ń fà lọ́wọ́. Ní òpin oṣù keje, Butler kọ̀wé sí ìjọba pé àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ òun ti tó 900. Ó rí i pé èrò tí òun gbé kalẹ̀ kò tó mọ́. Bí ọkùnrin tí ó ń mọ ibùjókòó ìbọn bá jẹ́ ohun èlò ogun, kí ni a ó pe ọmọ ọdún márùn-ún? Ó bi ìjọba pé, àwọn wọ̀nyí ha tún jẹ́ ohun ìní bí? Ìbéèrè tí àwọn aláṣẹ ti ń yẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ẹsẹ̀ àwọn tí ó sá ni ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Lincoln fi ọwọ́ sí òfin tí ó wí pé ẹni tí ó bá lo ẹrú fún iṣẹ́ ogun sí ìjọba ti pàdánù ẹrú náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun Gúúsù fi ọwọ́ ara wọn dáná sun ìlú Hampton, nítorí wọ́n gbọ́ pé Butler fẹ́ fi àwọn tí ó sá wá wọ̀ síbẹ̀. Àwọn tí ó sá wá kò sọ̀rètí nù. Wọ́n lọ sí ibi eérú náà, wọ́n kọ́ ahéré ti àwọn ògiri tí iná kò jẹ tán, wọ́n sì tẹ ìlú dó.

N kò fẹ́ ṣe ìtàn yìí ní ọ̀ṣọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí a pè ní contraband kì í ṣe òmìnira síbẹ̀; ẹrù tí ó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ní ojú òfin. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ ogun, wọ́n sì ṣèlérí owó oṣù fún wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dé ọwọ́ wọn. Àìsàn pa púpọ̀ nínú àgọ́. Síbẹ̀ wọn kò padà sẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ń bọ̀. Kí ogun tó parí, àwọn tí ó wá sí agbègbè odi náà ju 10,000 lọ.

Ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn oúnjẹ àti ààbò ni ìwé. Òfin Virginia ti ka kíkọ́ ènìyàn dúdú ní ìwé léèwọ̀ láti ọdún 1831. Obìnrin dúdú kan tí a kò bí sí oko ẹrú, Mary Peake, ti ń kọ́ wọn ní ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1861, ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní gbangba nítòsí odi náà: ọmọdé ní ọ̀sán, àgbàlagbà ní alẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ń jẹ ẹ́ ní àyà, kò sì dáwọ́ dúró. Orí ibùsùn ni ó ti ń kọ́ wọn nígbà tí kò lè dìde mọ́. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1862. Igi óàkù tí wọ́n ní abẹ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́ wọn ṣì dúró ní ilẹ̀ Yunifásítì Hampton, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1868. Bàbá àti èmi dúró lábẹ́ rẹ̀; òjìji rẹ̀ lè bo gbogbo àwa tí a wà nínú ilé yìí.

Abẹ́ igi yìí ni bàbá ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó mú mi ronú jù lọ. Ó ní, “Àbúrò, inú gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí a máa dùn sí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ayé ìgbà náà ni a bí mi sí, ní ilé baba ńlá mi, ìhà wo ni ẹ rò pé èmi ì bá wà? Ẹrú kún oko wa. N kò lè búra pé kì í ṣe ìhà Cary.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, ọjọ́ náà gan-an tí Lincoln fi ọwọ́ sí òfin tirẹ̀, ni Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, àwọn ẹrú láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú àti òkè bẹ̀rẹ̀ sí í sá wọ Èkó, nítorí wọ́n gbọ́ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gba ẹrú níní láyè ní ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn olówó wọn bínú, wọ́n ránṣẹ́, wọ́n béèrè ẹrú wọn gẹ́gẹ́ bí Cary ti béèrè. Àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì mìíràn ń ṣiyèméjì, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọ̀nà ọjà dí. Glover, tí ó ṣe àkóso Èkó ní ìgbà náà, kó àwọn Haúsá tí ó sá wá jọ, ó sì fi wọ́n ṣe ọmọ ogun. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìtàn tí mo ń sọ kì í ṣe ìtàn òyìnbó nìkan. Omi wà ní Hampton, ọ̀sà wà ní Èkó, ẹni tí ó ń tukọ̀ ní òru wà ní ibi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó dúró ní èbúté tí ó ń wí pé, “Ẹ dá ohun ìní mi padà.”

Kí a tó jáde, a wọ inú yàrá kan nínú ògiri odi náà, èyí tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1951. Yàrá náà tutù, fèrèsé rẹ̀ ní irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Jefferson Davis mọ́ nígbà tí ogun parí. Ní ọjọ́ 23 oṣù karùn-ún ọdún 1865, wọ́n kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn ní ẹsẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀: ọdún mẹ́rin géérégé lẹ́yìn òru tí àwọn mẹ́ta náà tukọ̀ wá. Ọdún méjì ni ó lò ní odi náà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Robert E. Lee, tí ó bá wọn parí odi náà ní ìgbà èwe rẹ̀, ni ó ṣe olórí ogun fún àwọn Gúúsù. Kò sì lè gba odi tí ó mọ gbogbo igun rẹ̀ yìí padà fún wọn rí.

Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kó kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún náà, Ààrẹ Barack Obama sọ ọ́ di ibi ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ rí ti di ibi tí ọmọdé ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, tí àwọn arìnrìn-àjò sì ń jókòó lórí ògiri láti wo ọkọ̀ ojú omi.

Mo padà wá sí ìbéèrè mi. Ta ni ó ṣí ìlẹ̀kùn? Àwọn kan yóò wí pé Butler ni, a kò sì gbọdọ̀ gba ìyìn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ̀gá mìíràn ti lé irú wọn padà ní Florida. Àwọn mìíràn yóò wí pé Lincoln ni, nítorí òun ni ó kéde òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1863. Ṣùgbọ́n Butler kì bá tí ní ọ̀rọ̀ kan láti bá Cary jiyàn lé lórí, bí kò bá sí ẹni tí ó ti kan ìlẹ̀kùn náà. Àwọn tí ó kàn án kò ní ìbọn, wọn kò mọ òfin, ẹnikẹ́ni kò sì ṣèlérí fún wọn. Ohun tí a mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, inú ìwé àwọn ẹlòmíràn ni a ti kà á. Síbẹ̀ orúkọ wọn kò parẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá mi pè é kí a tó túká: Frank Baker, Shepard Mallory, James Townsend.

Nígbà tí a ń padà lọ sí Norfolk, ilẹ̀ ti ṣú. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a dé orí afárá, ó dẹ eré ọkọ̀ díẹ̀, ó wo omi dúdú náà, ó ní, “Ó jìn o.” Mo ní, “Ó jìn, Bàbá.”